Mo ń ka Bíbélì láràárọ̀, àmọ́ kí n tó dé ọjà ó ti fò lọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

ÌyáGaàrí_ÒkèAjé
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n bi yín. Aago márùn-ún ni mo máa ń jí, èmi àtàwọn ọmọ á kọrin, a ka Bíbélì, a gbàdúrà, lẹ́yìn ìyẹn màá tún dá ka tèmi, orí kan tàbí méjì. Ó máa ń dùn mọ́ mi tí mo bá ń kà á lọ́wọ́ o. Àmọ́ kí kẹ̀kẹ́ tó gbé mi láti ilé dé Òkè-Ajé, ẹ bi mí pé kí ni mo kà, mi ò ní lè sọ. Tó bá wá di nǹkan bí aago mẹ́wàá tí kọ́sítọ́mà kan bá ń fọwọ́ tú gaàrí mi, tó ń tọ́ ọ wò títí bí ẹni tó fẹ́ fi jẹun àárọ̀, tí ò sì ní rà, ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi nígbà yẹn, ẹ ò ní gbà pé ẹni tó ka Sáàmù láàárọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà ló wò mí lójú, ó ní, Mọ́mì, ṣé ẹnu tẹ́ ẹ fi kọrin láàárọ̀ náà nìyẹn? Ojú tì mí, mi ò rí nǹkan kan sọ, mo ní kó lọ ra omi wá.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ń ṣe tí nǹkan tẹ́ ẹ kà fi ń bá yín dé ibi iṣẹ́? Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ẹsẹ tó dáa fún ọjà títà kó bá mi kọ ọ́ síbí, torí ọjà ò yá rárá láti bí oṣù méjì.

Oníkẹ̀kẹ́_Ṣàgámù
Ìyá, ẹ kú ọjà o. Èmi ò mọ̀wé púpọ̀ àmọ́ nǹkan témi ṣe rèé. Mo gé páálí, mo fi máàkà kọ Òwe 15:1 sí i, "Ìdáhùn pẹ̀lẹ́ yí ìbínú padà," ìyẹn nìkan, mi ò kọ èyí tó kù, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ níbi tí ojú mi ò ti lè má rí i. Ọjọ́ kejì ni bàbá kan wọkọ̀ mi ní Sàbó, owó ọkọ̀ jẹ́ 200, ó na 1000 sí mi, mi ò ní ṣéńjì, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó bú mi ó bú bàbá mi tó ti kú. Mo wo páálí. Mo ní sà, ẹ máa lọ, tá a bá tún pàdé ẹ ó fún mi. Ẹ wò ó, bàbá yẹn dákẹ́ bíi rédíò tí wọ́n yọ bátìrì ẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan lọ ṣẹ́ owó ọ̀hún wá, ó tún ní kí n má bínú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣiṣẹ́ fún mi báyẹn. Ìgbà kẹrin, ọlọ́kadà kan fi irin ha kẹ̀kẹ́ mi lára, kẹ̀kẹ́ tí mi ò tíì san gbèsè ẹ̀ tán. Kí n má purọ́ fún yín, mo kọ́kọ́ fọwọ́ bo páálí yẹn kí n tó dá a lóhùn.

Àmọ́ ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé ẹsẹ kan ṣoṣo tó ń bá mi rìn káàkiri wúlò fún mi ju orí márùn-ún tó dúró sílé dè mí lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_AgoÌwòyè
Ẹ̀gbọ́n oníkẹ̀kẹ́ ẹ pa mí lẹ́rìn-ín 😂 fọwọ́ bo páálí!

Ìyá mi, témi burú ju tiyín lọ. Orí fóònù ni mo ti ń kà á, áàpù yẹn máa ń ka ọjọ́ fún mi, mo kà á dé 201 ọjọ́ láì já, fóònù ń kí mi kú iṣẹ́, inú mi ń dùn. Àwọn alẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni màá rántí, màá sáré fọwọ́ fà á sókè títí á fi dé ìsàlẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Ọjọ́ tí dátà tán lọ́wọ́ mi tí ìṣirò yẹn já, ẹkún ni mo fẹ́ sun, ìgbà yẹn ló yé mi pé ìṣirò yẹn ni mo ń sìn.

Ni mo bá mú lẹ́tà kan ṣoṣo, Fílípì, orí mẹ́rin péré, ẹsẹ 104 ni gbogbo ẹ̀. Oṣù kan gbáko, òun nìkan ni mò ń kà. Ṣé ẹ mọ ẹsẹ tí gbogbo wa máa ń kọ sẹ́yìn ìwé tí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, "Èmi lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi ẹni tí ń fi agbára fún mi"? Ìgbà tí mo kà á láti òkè wá ni mo rí i pé inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti ń kọ ọ́, ó ń sọ pé òun ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń yó àti bí èèyàn ṣe ń fara mọ́ ebi, òun mọ bí a ṣe ń ní àti bí a ṣe ń ṣàìní. Kò sọ̀rọ̀ gbígba A nínú ìdánwò rárá. Témi lọ́sẹ̀ yẹn, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ti tán, gaàrí àti ẹ̀pà ni mò ń mu látọjọ́ Mọ́ńdè, ẹsẹ tí mo ti fi ń gbàdúrà fún máàkì láti JS1 wá bọ́ sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ fún gan-an. Mo gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn lọ́nà tí mi ò gbà rí, mi ò tọrọ owó, mo ní Olúwa, kọ́ mi ní èyí tó o kọ́ Pọ́ọ̀lù. (Mo pe mọ́mì mi náà ṣá.)

JagunÀdúrà
Ìyá Gaàrí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, oṣù méjì tí ọjà ò yá yẹn kì í ṣe ojú lásán. Sáàmù 35 àti Sáàmù 109 tí wọ́n fi ń bá ọ̀tá jà, aago méjìlá òru, ọjọ́ méje, ẹ dárúkọ gbogbo àwọn tí ìsọ̀ wọn sún mọ́ tiyín. Ẹ ó wá jẹ́rìí síbí.

Katikíìsì_Ìjẹ̀búIgbó
JagunÀdúrà ọmọ mi, mo kí ọ. Sáàmù 35 tó o dárúkọ yẹn, ṣé o ti ka ẹsẹ 13? Dáfídì ní nígbà tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ń ṣàìsàn, aṣọ ọ̀fọ̀ lòun wọ̀, òun gbààwẹ̀ fún wọn, ẹsẹ 14 sì fi kún un pé bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá ẹ̀ lòun ṣe rìn. Ẹni tó ti gbààwẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ò yá ló lè ka èyí tó kù lórí onítọ̀hún, kó sì fi ẹjọ́ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Tí a bá ń fò ẹsẹ 13, a ti sọ ọ́ di ọfọ̀ nìyẹn.

Ìyá Gaàrí, ẹ̀yin ni mo wá dá lóhùn. Ẹ ní kí ẹ tó dé ọjà ó ti fò lọ. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé ẹ máa ń kà á síta? Ọ̀pọ̀ wa rò pé àṣàrò ni kí èèyàn jókòó kó dákẹ́ kó máa wòkè. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n túmọ̀ sí àṣàrò nínú Sáàmù 1:2 àti Jóṣúà 1:8, òun kan náà ni Àìsáyà 31:4 lò fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa, òun náà ni 38:14 lò fún ohùn àdàbà. Nǹkan tó ń dún ni. Ẹ tún wo Jóṣúà yẹn dáadáa, ìwé òfin yìí kò gbọdọ̀ kúrò ní ẹnu rẹ, ẹnu ló sọ, ojú kọ́. Ẹ mú ẹsẹ kan, ẹ máa kùn ún nínú kẹ̀kẹ́, ẹ máa kùn ún bẹ́ ẹ ṣe ń tú ẹrù, bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ nídìí ògiri tí kò yára rárá.

Ẹ sì kà á ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn ti Gẹ̀ẹ́sì, kò burú, àmọ́ ẹnu a máa sáré jù nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1884 ni odidi Bíbélì Yorùbá jáde, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló ṣáájú iṣẹ́ yẹn, nígbà náà Ìjẹ̀bú ò tíì gba ìhìnrere láyè, ẹ̀yìn ogun Ìmágbọn tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892 ni wọ́n tó gbà á láyè. Ìgbà tí ìwé ọ̀hún máa fi dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa, ó ti ń sọ èdè ọjà. Àpẹẹrẹ kan rèé, ẹ̀yin oníṣòwò gaàrí gan-an ló yẹ kó yé jù. Lúùkù 6:38: "òṣùwọ̀n dáradára, àkìmọ́lẹ̀, àti àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀." Ìgbà tí wọ́n bá ń gbówó ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ ọ bí ẹni tó dúró níwájú igbá gaàrí. Wọ́n á ki gaàrí mọ́lẹ̀, wọ́n á mì í pọ̀, wọ́n á tún bù ú lé e títí ó fi ń ya sílẹ̀. Ṣé kọ́sítọ́mà yín kì í sọ pé "Ìyá, ẹ mì í dáadáa"? Jésù mọ ọjà! Ẹsẹ 37 tó ṣáájú ẹ̀ kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ owó, ẹ má dáni lẹ́jọ́, ẹ dárí jini, ló wà níbẹ̀. Ìparí ẹsẹ 38 náà la kì í sábà kà dé, pé òṣùwọ̀n tí ẹ̀yin fi wọ̀n ni a ó padà fi wọ̀n fún yín.

Ẹ béèrè ẹsẹ fún ọjà títà. Mi ò ní fún yín ní ẹsẹ mìíràn, ìbéèrè ni mo ní. Tó bá jẹ́ òṣùwọ̀n tẹ́ ẹ fi ń wọ̀n fún èèyàn lónìí ni Olúwa máa fi wọ̀n ọjà tiyín fún yín lọ́la, ṣé ẹ máa fẹ́?

ÌyáGaàrí_ÒkèAjé
Ẹ ṣé gan-an bàbá wa, Olúwa á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Àmọ́ gbogbo wa la ń lo irú kóńgò kan náà lọ́jà o.

Katikíìsì_Ìjẹ̀búIgbó
Mi ò dárúkọ kóńgò o, ìyá.

Nọ́ọ̀sì_Rẹ́mọ
Haaa bàbá 🙆🏽‍♀️

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó wọ ṣíìfù. Mímú ẹsẹ Bíbélì lò lójoojúmọ́ dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé èṣù náà mọ ẹsẹ lò. Nínú Lúùkù 4, orí ilé ìsìn ló gbé Jésù lọ, Sáàmù 91 ló kà fún un, pé bẹ́ sílẹ̀, àwọn áńgẹ́lì á gbé ọ. Ẹsẹ tòótọ́ ni, kò ṣì í kà. Jésù fi Diutarónómì 6:16 dá a lóhùn, ìwọ kò gbọdọ̀ dán Olúwa wò. Nítorí náà ẹsẹ kan tún lè bá ẹsẹ kejì wí o.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé lọ́dún tó kọjá wọ́n gbé ìyá kan wá bá wa, ó ti fi oṣù mẹ́ta dá oògùn bíìpí dúró torí wọ́n ní kó di Àìsáyà 53:5 mú, nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá. Kò sẹ́ni tó wọn bíìpí ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta yẹn. Nígbà tí wọ́n máa gbé e dé, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ò yọ lẹ́nu ẹ̀. Ẹsẹ tí wọ́n kọ sórí ìwé ṣì wà nínú báàgì ẹ̀. Mo fẹ́ràn Àìsáyà 53 o, mo mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ gbàdúrà, ẹ lo oògùn yín.

Bàbá_Ògèrè
Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí díẹ̀ torí aládùúrà ni mí, ilé aládùúrà ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má gbàgbé pé ní 1918, nígbà tí infulẹ́ńsà ń pa èèyàn bí ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde níbí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour, ni àwọn kan ti kóra jọ máa gbàdúrà, àwọn ni wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Láti ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ìjọ aládùúrà ilẹ̀ Yorùbá ti ta. Ògèrè tiwa náà, ibẹ̀ ni Josiah Ọ̀ṣítẹ́lù ti dá ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní 1930. Àwọn tó ka ìlérí Ọlọ́run tí wọ́n sì dì í mú nígbà tí àrùn ń gbá ìlú lọ, èèyàn gidi ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Rẹ́mọ
Ẹ má bínú sà, mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kúnlẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ wọn bíìpí kẹ́yìn?

Bàbá_Ògèrè
Láàárọ̀ yìí. 138 lórí 84. Mo ti lo oògùn mi, mo sì ti ka Sáàmù mi sínú omi. Má dà mí láàmú.

ÀǹtíMàríà_Ìjẹ̀búÒde
😂 Bàbá Ògèrè ẹ kú iṣẹ́ o.

Kátólíìkì ni mí, nǹkan tí wọ́n kọ́ wa ní gírúùpù wa ni mo fẹ́ mú wá, ó jọ ti bàbá Katikíìsì. Láyé àtijọ́, ní ọ̀rúndún kejìlá, mọ́ǹkì kan tó ń jẹ́ Guigo tò ó bí àkàbà onípele mẹ́rin: kà á, rò ó, fi gbàdúrà, lẹ́yìn náà dákẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ìpele kẹta ni mo fẹ́ dúró lé torí òun ni èmi kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ka Bíbélì tán màá pa á dé, màá wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà tèmi tí ò bá nǹkan tí mo kà tan rárá, owó ilé ìwé, ẹ̀jẹ̀ Jésù, ọ̀tá ilé bàbá mi. Bí ẹni tó gba lẹ́tà, tó kà á tán, tó wá kọ èsì sí nǹkan mìíràn. Ní báyìí ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ yẹn náà ni mo fi ń gbàdúrà padà. Bí mo bá ka "kí oòrùn má ṣe wọ̀ bá ìbínú yín" nínú Éfésù 4:26, màá ní, Olúwa, oòrùn ti fẹ́ wọ̀, mo ṣì ń bínú sí àbúrò ọkọ mi, ó ti wọ̀ lé e lórí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọjọ́ báyìí. Tí èèyàn bá ti dárúkọ ẹni yẹn nínú àdúrà báyẹn, ó ti di dandan kó gbé fóònù.

Ṣé mo gbé fóònù? Mo fi kírédíìtì ránṣẹ́ sí i. Ó rà padà fún mi ní ìlọ́po méjì. A ò tíì sọ̀rọ̀ o, Ìjẹ̀bú sí Ìjẹ̀bú ni.

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́_wa
Témi kúkurú ni. Lúùkù 14:28, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó ẹ̀. Ọdún méjì léra ni mo yáwó ní kọ̀ọ̀pù torí aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, aṣọ, fìlà, bàtà, owó àwọn onílù, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Lọ́dún yìí mo gbé ẹsẹ yẹn àti bírò àti ìwé kékeré kan sílẹ̀ níwájú ara wọn, mo gbàdúrà pé Olúwa má jẹ́ kí ojú tì mí níwájú ẹgbẹ́, mo wá ṣírò. Iye tó jáde ló gba àdúrà ọ̀hún. Aṣọ èṣí ni mo wọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè, èmi náà sì dá a lóhùn pé ó ṣì mọ́.

Opó_Ìsarà
Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti ìrọ̀lẹ́, mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan. Ọkọ mi kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí ọjọ́ tí wọn ò fi Róòmù 8:28 ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fún rere, pẹ̀lú àwòrán òdòdó. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ mi ò lè gbé e mì nígbà yẹn, ó dà bíi ìgbà tí wọ́n fún ẹni tí ọ̀fun ń dùn ní iyán láìsí ọbẹ̀. Mi ò gbàdúrà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìgbà tí mo tún ṣí Bíbélì, ó ṣí sí Sáàmù 88. Ẹ lọ kà á. Àwọn Sáàmù mìíràn tó ń sunkún, tó bá máa fi parí á ti rẹ́rìn-ín díẹ̀, Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yóò ti pẹ́ tó, Olúwa, ẹsẹ kẹfà ti ń kọrin. Ti 88 ò kọrin. Nínú òkùnkùn ló parí sí, òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó wà níbẹ̀. Mo ka nǹkan yẹn mo wá ronú pé, a jẹ́ pé wọ́n gbà kí èèyàn sọ èyí sí Ọlọ́run. A jẹ́ pé ó wà nínú ìwé. Òun ni mo fi gbàdúrà títí, alaalẹ́, bó ṣe wà, mi ò fi àmín alágbára kankan sí i.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ẹlòmíràn mú ẹsẹ lò, ẹ rọra. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tí kò ka ẹsẹ kankan fún mi, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá ní ọjọ́ Sátidé, ó fọ gbogbo abọ́ tó wà ní kíṣìnnì, ó jókòó, ó sunkún, ó lọ. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni mo rí i pé Róòmù 12:15 ni obìnrin yẹn mú lò.

Akẹ́kọ̀ọ́_AgoÌwòyè
Mọ́mì Ìsarà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ti lọ ka Sáàmù 88. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Katikíìsì_Ìjẹ̀búIgbó
Olúwa á máa wà pẹ̀lú yín ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yín yìí, màá mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi wa.

ÌyáGaàrí_ÒkèAjé
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti kọ̀wé kẹ́yìn. Mi ò fẹ́ padà wá mọ́, ìbínú sí bàbá Katikíìsì ni mo bá sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Kóńgò méjì ni mo ní. Èyí tí mo fi ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń yan gaàrí wá láti oko, ìdí ẹ̀ gún régé. Èyí tí mo fi ń tà, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú. Téèyàn bá wò ó lókè kò ní mọ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án nínú ẹ ó mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, bí mo ṣe bá a lọ́wọ́ àǹtí tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ nìyẹn, ọdún kọkànlá rèé, mi ò pè é ní olè rí nínú ọkàn mi, kóńgò ìtà là ń pè é.

Mo ṣe bí bàbá ṣe ní kí n ṣe. Mo mú Lúùkù 6:38 nìkan, mo ń kùn ún nínú kẹ̀kẹ́, àkìmọ́lẹ̀, àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀, ọjọ́ kìíní ó kàn ń dùn lẹ́nu ni, ọjọ́ kejì ó ṣì ń dùn. Ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe gbé kóńgò láti wọ̀n fún ìyá arúgbó kan, ọ̀rọ̀ yẹn wá sí mi lẹ́nu fúnra ẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú kóńgò níbi tó ti wú sókè yẹn, ọkàn mi ṣáà ń gbọ́ ọ, òṣùwọ̀n tí ẹ̀yin fi wọ̀n. Mo bù ú lé e lọ́wọ́ méjì. Ìyá yẹn ní "ẹ kú inúure," n ò lè dáhùn. Lálẹ́ ọmọ mi obìnrin bá mi wá a nínú Bíbélì, ó rí Diutarónómì 25:14, ìwọ kò gbọdọ̀ ní onírúurú òṣùwọ̀n nínú ilé rẹ, ńlá àti kékeré. Nínú ilé! Kóńgò méjèèjì wà lábẹ́ tábìlì níbi tá a ti ń kà á. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan, ó kà á lọ ni. Èmi nìkan ni mo ń wo abẹ́ tábìlì.

Mi ò lè gbàdúrà tí mo ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ sọ pé Olúwa bùkún ọjà mi, ẹnu mi kọ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé, Olúwa, má tíì wọ̀n tèmi fún mi, jẹ́ kí n tún kóńgò ṣe ná.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ pánẹ́lìbítà pé kó bá mi lu ìdí ẹ̀ padà síta. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní láti ọdún tóun ti wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ọjà ń gbé kóńgò wá kóun lù ú wọnú, kò sẹ́ni tó gbé e wá rí pé kóun lù ú jáde. Kò gba owó lọ́wọ́ mi.

Ọjà ńkọ́? Kò tíì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n má parọ́ ẹ̀rí. Mo ní láti fi owó díẹ̀ lé kóńgò kan, àwọn tó kọ́kọ́ wá bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn tó wà nítòsí mi ń wò mí níwòkuwò pé mo fẹ́ ba ọjà jẹ́. Kọ́sítọ́mà méjì péré ló padà wá sọ pé gaàrí náà kún ike àwọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sì tún pariwo mọ́ ẹnì kan ní Tọ́sìdeè, ẹni tó ń tọ́ ọ wò yẹn náà ni, kò tíì yé e pé gaàrí kì í ṣe ẹ̀pà.

Ìbéèrè mi báyìí: gbogbo èèyàn tí mo ti wọ̀n fún láti ọdún mọ́kànlá ńkọ́? Mi ò mọ ilé wọn.

Katikíìsì_Ìjẹ̀búIgbó
Ìyá, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mo pe ìyàwó mi kó wá kà á. Ẹ dárí jì mí tí ọ̀rọ̀ mi bá le lọ́jọ́ yẹn.

Sákéù nínú Lúùkù 19:8 ní òun á san án padà nílọ̀ọ́po mẹ́rin, àmọ́ òun jẹ́ agbowó orí, ó mọ àwọn tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ò lè mọ̀ wọ́n. Ẹ bi Olúwa fúnra yín, mi ò ní dá a pè.

Opó_Ìsarà
Ìyá Gaàrí, mo rò ó wò. Ṣebí èènì wà? Ẹ máa bu èènì. Àwọn kan nínú wọn á padà wá ra gaàrí lọ́jọ́ kan, wọ́n á bá tiwọn níbẹ̀.

ÌyáGaàrí_ÒkèAjé
Èènì. Háà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ méjì-méjì láti ọ̀la.

Oníkẹ̀kẹ́_Ṣàgámù
Ìyá, ibo gan-an ni ìsọ̀ yín wà ní Òkè-Ajé? Ìyàwó mi ló ní kí n béèrè, ó ní òun ti rí ibi tá a ti máa rà á.

ÌyáGaàrí_ÒkèAjé
Ẹ dé ẹnu ọ̀nà ọjà kẹ́ ẹ béèrè ìyá tó lu kóńgò jáde, wọ́n á júwe mi pẹ̀lú èébú. Ẹ kí ìyàwó yín o. Àmọ́ ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ tú u.